Ara Yíyún Tí A Ń Pè Ní Ẹ̀kísímà: Bí Ó Ti Pọ̀ Tó, àti Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Bí Ó Bá Le

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku sì bo àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè ríran jìnnà, kò sí ẹni tí awọ ara rẹ̀ kì í gbẹ. Ètè a sán, gìgísẹ̀ a là, ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé a sì funfun bí ẹni pé wọ́n rìn nínú eérú. Èyí kì í ṣe àìsàn, òrí díẹ̀ sì tó láti fi wò ó. Ṣùgbọ́n láàrín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìjerò, ní Aramọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti ní àwọn aba tí ó yí wọn ká, a kò ní ṣàìrí ilé kan tí ọmọ kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ náà ń họ ara ní ọ̀sán, ó sì ń họ ọ́ ní òru. Nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, ìyá rẹ̀ a máa gbọ́ ìró èékánná rẹ̀ nínú òkùnkùn. Awọ ibi tí apá rẹ̀ ti ń ká ní ìgbọ̀nwọ́ àti ti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ti dúdú ju ti ibi yòókù lọ, ó ti nípọn, ó sì le. Wọ́n ti fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi àdín pa á lára, wọ́n ti ra ìpara wá láti ọjà. Ó lọ, ó tún padà. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé ó ti tán. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, wọ́n tún bá a níbi tí wọ́n fi í sí.

Àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí ní atopic dermatitis. Ẹ̀kísímà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, orúkọ náà ni a ó sì lò níhìn-ín. Àwọn àgbà kan ń pè é ní àléfọ́, àwọn mìíràn ń pè é ní ifo. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ wọ̀nyí kò dá a yà sọ́tọ̀, nítorí pé oríṣiríṣi àrùn awọ ara ni a ti kó pọ̀ sábẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ohun gbogbo tí ń mú ara gbóná ní ibà. Ìbéèrè méjì ni òbí tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè. Èkíní ni pé, ṣé ọmọ tèmi nìkan ni? Èkejì ni pé, ṣé ó le, tàbí kò le? Ìbéèrè wọ̀nyí rọrùn láti béèrè, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn wọn káàkiri ayé, ohun tí wọ́n sì rí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orúkọ ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀ ní ipò tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àìsàn náà jẹ́. Ẹ wo ògiri ilé tí a fi amọ̀ mọ, tí a sì rẹ́ dáradára. Níwọ̀n ìgbà tí rírẹ́ náà bá dúró, òjò kì í wọ inú rẹ̀, kòkòrò kì í sì rí ibi sá sí. Bí rírẹ́ náà bá sán, ohun tí ó wà níta a wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni awọ ara rí. Lára ẹni tí ó ní ẹ̀kísímà, omi tí ó yẹ kí ó dúró nínú awọ a máa gbẹ jáde, eruku, ọṣẹ líle àti kòkòrò àìfojúrí a sì máa rí ọ̀nà wọlé. Ara a bínú sí wọn, bíbínú yìí sì ni ìyún. Bí a bá ti ń họ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ògiri náà ń wó sí i.

A sábà máa ń rí i pé nínú ìdílé kan náà ni ẹ̀kísímà, ikọ́ fée tí ń mú èémí le, àti òfìnkìn tí ń mú ojú àti imú yún ti máa ń wà. Ní ọdún 1923 ni Coca àti Cooke, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, mú ọ̀rọ̀ kan láti inú èdè Gíríìkì wá fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun tí kò ní ipò tirẹ̀, nítorí pé wọn kò mọ ibi tí wọn ì bá tò ó sí. Ní ọdún 1933 ni Wise àti Sulzberger fi orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní fún àìsàn awọ ara náà. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí àbùkù àjogúnbá kan tí kì í jẹ́ kí awọ ara lè ṣe rírẹ́ tirẹ̀ dáradára. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 10 ní àríwá Yúróòpù ni ó gbé irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Láàrín àwa ènìyàn dúdú, ó ṣọ̀wọ́n. Ẹnìkan lè rò láti inú èyí pé ẹ̀kísímà pẹ̀lú yóò ṣọ̀wọ́n láàrín wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bí ìkà tí a fẹ́ sọ yìí yóò ti fi hàn.

Ní ọdún 1991 ni iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ tí a ń pè ní ISAAC, láti ka iye àwọn ọmọdé tí ikọ́ fée, òfìnkìn oníyún àti ẹ̀kísímà ń bá jà ní gbogbo ayé. Ohun tí ó dára nínú iṣẹ́ náà ni pé ìbéèrè kan náà ni a bi gbogbo ọmọ, ní ibi gbogbo. Wọ́n béèrè bí ara ọmọ bá ti ní èélá tí ń yún, tí ń lọ tí ń bọ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán. Bí ó bá ti rí i láàrín oṣù 12 tí ó kọjá. Àti bí ó bá wà níbi tí apá ti ń ká, lẹ́yìn orúnkún, níwájú ọrùn ẹsẹ̀, lábẹ́ ìdí, tàbí ní àyíká ọrùn, etí àti ojú. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Ìbàdàn ni ibi tí a ti ka àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fálàdé sì wà nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí èsì náà jáde ní ọdún 1999, ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Títí di ìgbà náà, àwọn dókítà púpọ̀ ka ẹ̀kísímà sí àìsàn àwọn ilẹ̀ òtútù tí ó lọ́rọ̀. Ní ti àwọn ọmọ ọdún 6 sí 7, ìrètí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ: ní ilẹ̀ Iran, iye àwọn tí ó ní àmì àìsàn náà kò tó 2 nínú 100, ní Japan àti Sweden wọ́n ju 16 lọ. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14, ilẹ̀ Albania ni ó kéré jù, wọn kò tó 1 nínú 100. Ilẹ̀ tí ó sì pọ̀ jù lọ nínú gbogbo èyí tí a kà ni Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ju 17 nínú 100 lọ. A tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn náà, èsì èyí sì jáde ní ọdún 2009. Àwọn ọmọ tí a bi léèrè ju mílíọ̀nù kan lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, láàrín àwọn ọmọ kékeré, Jodhpur ní ilẹ̀ Íńdíà ní 0.9 nínú 100, Quito ní ilẹ̀ Ecuador ní 22.5, láàrín àwọn ọmọ ńlá, Tianjin ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 0.2, Barranquilla ní ilẹ̀ Colombia ní 24.6. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà awọ ara ti àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2022 pé nǹkan bí 223 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní ẹ̀kísímà ní ayé. Nítorí náà ìdáhùn sí ìbéèrè òbí náà ni pé rárá, kì í ṣe ọmọ tirẹ̀ nìkan. Bí kíláàsì ọmọ rẹ̀ bá ní ọmọ 40, ó ṣeé ṣe kí mélòó kan nínú wọn máa fi aṣọ bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣe gbé iye 17 yìí mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnìkan fẹ́ mọ iye iṣu tí ó jẹrà nínú oko gbogbo ní Aramọ̀kọ. Bí ó bá lọ sí àkìtàn ọjà láti kà á, yóò padà wá sọ pé gbogbo iṣu Èkìtì ni ó ti jẹrà. Bí ó bá sì lọ kà á lórí àtẹ àwọn obìnrin tí ń ta iṣu, yóò ní kò sí ẹyọ kan tí ó bàjẹ́. Kò purọ́ ní ọjọ́ méjèèjì. Ibi tí ó dúró sí ni kò jọra. Bákan náà ni kíka àìsàn. Ẹni tí ó kà á nípa ìbéèrè yóò rí iye kan, ẹni tí ó bọ́ aṣọ ọmọ tí ó sì yẹ ara rẹ̀ wò yóò rí òmíràn, ẹni tí ó sì jókòó sí ilé ìwòsàn tí ó ń ka àwọn tí ó wá yóò rí ẹ̀kẹta.

Ìbéèrè ISAAC dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí kúrúnà ń yún lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tí làpálàpá wà lọ́rùn rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2005, Dókítà Adébọ́lá Ògúnbíyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ojú ara wọn yẹ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ 1,066 wò ní Ìbàdàn. Nǹkan bí 35 nínú 100 ni ó ní àrùn awọ ara kan tàbí òmíràn, ṣùgbọ́n làpálàpá ni ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ní ilẹ̀ Ghana pẹ̀lú, iye tí àyẹ̀wò ara mú jáde láàrín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kéré sí èyí tí ìbéèrè mú jáde. Ní ti ilé ìwòsàn, Dókítà Edith Nnoruka ka àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ àwọn dókítà awọ ara ní Ẹnúgu, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 2004 pé ó lé díẹ̀ ní 8 nínú 100 wọn tí ó ní ẹ̀kísímà yìí. Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ni: kì í ṣe díẹ̀ nínú wọn ni àìsàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lára wọn àfi ìgbà tí wọ́n ti dàgbà. Ẹ kò gbọdọ̀ fi 8 ti Ẹnúgu wé 17 ti Ìbàdàn kí ẹ sì ní Ìbàdàn burú jù. Ọ̀kan jẹ́ iye láàrín àwọn ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì, èkejì láàrín àwọn tí ó ti ṣàìsàn tó láti wọ ọkọ̀ lọ rí dókítà.

Ìgbé ayé ìlú ńlá náà ní ipa tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ti fi ìlú ńlá wé ìletò, ìlú ńlá ni ẹ̀kísímà ti pọ̀ jù. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti London. Ní ọdún 1995, Hywel Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láàrín àwọn ọmọ dúdú tí a bí ní London, tí àwọn òbí wọn ti erékùṣù Caribbean wá, 16.3 nínú 100 ni ó ní ẹ̀kísímà, nígbà tí ti àwọn ọmọ funfun jẹ́ 8.7. Nígbà tí a sì lọ ka àwọn ọmọ dúdú ní Jàmáíkà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà, iye tiwọn kéré púpọ̀ sí ti London. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ìlú ni ó yàtọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń tọ́ka sí afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé tí a ń fi iná mú gbóná, sí omi tí ó le, sí ọṣẹ àti ìwẹ̀ àwẹ̀jù, sí èéfín ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n ni ó ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní òkè òkun lónìí. Bí ìyá tuntun kan bá kọ̀wé láti ibẹ̀ pé ara ọmọ òun kò gbà, kí ìyá-ìyá rẹ̀ tí ó wà nílé má ṣe yára sọ pé irú èyí kò sí nínú ìdílé wa rí.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ìbéèrè kejì, èyíinì ni bí àìsàn náà ti le tó, nítorí níbẹ̀ ni a ti ṣì wá kà jù.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìròyìn rere ni pé lára ọ̀pọ̀ jù lọ, kò le. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a ṣe láàrín àwọn òbí ní Amẹ́ríkà, nínú gbogbo ọmọ 100 tí ó ní ẹ̀kísímà, ti ọmọ 67 jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ti ọmọ 26 wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ti ọmọ 7 ni ó le gidi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì máa ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà àti àwọn mìíràn fi hàn pé nínú àwọn tí tiwọn le, àwọn ọmọ dúdú pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ni ó fà á? Apá kan rẹ̀ ni pé wọn kì í tètè rí dókítà. Apá kejì ni pé dókítà lè wò wọ́n kí ó má sì rí ohun tí ń ṣe wọ́n.

Ọ̀nà tí àwọn dókítà fi ń wọn bí ẹ̀kísímà ti le tó ni pé wọ́n ń wo bí ó ti gbòòrò tó lára, bí awọ ti nípọn tó, bí àmì èékánná ti pọ̀ tó, àti bí ó ti pọ́n tó. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀n náà, ara àwọn òyìnbó ni ó wà níwájú wọn. Lára òyìnbó, ibi tí ara bá ti ń bínú a pọ́n bí ojú ata. Lára tiwa kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó lè dúdú sí i, ó lè dà bí àwọ̀ eérú, ó lè ṣú bí èso àgbálùmọ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá pípọ́n kò ní rí i, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò le. Ní ọdún 2002, Ben-Gashir àti Hay tẹ iṣẹ́ kan jáde láti London lórí ọ̀ràn yìí gan-an. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ pípọ́n kúrò nínú ìṣirò, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6 bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ẹ̀kísímà ọmọ dúdú jẹ́ èyí tí ó le, ju ti ọmọ funfun lọ. Ṣáájú ìgbà náà, òṣùwọ̀n náà ti fi í pamọ́. Ẹni tí ó bá ti ta kòkó fún oníwọ̀n èké rí yóò mọ bí ọ̀ràn yìí ti rí: ẹrù kan náà ni, ọkàn ẹni tí ó gbé e wá mọ ìwúwo rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ìwọ̀n ní kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìrísí rẹ̀ lára tiwa pẹ̀lú máa ń yàtọ̀ sí àwòrán inú ìwé. Ó lè jẹ́ èélá wẹ́wẹ́ tí ó yọ yí ìdí irun ká, tí a óò fi ọwọ́ kàn kí ojú tó rí i. Ó lè wà ní iwájú ojúgun àti ẹ̀yìn apá dípò ibi tí apá ti ń ká. Awọ a tètè nípọn, bí ó bá sì jinná, àmì dúdú tàbí àmì tí ó ṣì funfun a máa wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Àmì yìí ni ó máa ń ba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin nínú jẹ́ jù, tí ó sì ń lé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ìpara abóra. Àmì náà kì í ṣe àìsàn. Yóò lọ fúnra rẹ̀ bí a kò bá jẹ́ kí ìyún padà.

Kí wá ni kí òbí fi wọ̀n ọ́n? Kí ó fi oorun wọ̀n ọ́n. ISAAC pàápàá, nígbà tí ó fẹ́ mọ ọmọ tí tirẹ̀ le, kò béèrè pípọ́n. Ó béèrè bí ìyún bá ń jí ọmọ lóru, bí ó bá sì tó òru kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrín ọ̀sẹ̀, a kà á sí èyí tí ó le. Ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe ìbéèrè 7 ní ọdún 2004 tí ìyá lè dáhùn fúnra rẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ara yún ọmọ, òru mélòó ni kò sùn dáradára, ọjọ́ mélòó ni awọ ṣẹ̀jẹ̀, tí ó ṣomi, tí ó sán, tí ó bó, tí ó gbẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó béèrè àwọ̀ ara. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí ní ojú ewé fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fa ìlà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí ọmọ kò sùn nítorí ìyún. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá jáde, ẹ fa ìlà kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òǹkà tí kò sí lọ́wọ́ dókítà yóò wà lọ́wọ́ yín.

Kí a tó pe ohun tí ń yún ní ẹ̀kísímà, ẹ ronú sí kúrúnà. Bí ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n bá ń họ ara pọ̀, pàápàá ní òru, tí èélá sì wà láàrín ìka ọwọ́ wọn, kúrúnà ni. Ó ń ràn, gbogbo ilé ni a sì gbọ́dọ̀ tọ́jú ní ọjọ́ kan náà. Làpálàpá máa ń yípo bí òrùka, àárín rẹ̀ a sì máa mọ́. Ẹ̀kísímà kì í ràn rárá. Ọmọ náà lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ó lè bá wọn jẹun nínú abọ́ kan, kí wọ́n sì sùn lórí ẹní kan.

Mo ní láti sọ èyí gbangba nítorí ẹ̀tẹ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn wa, ó sì ti mú kí a ya àwọn ọmọ tí kò ṣẹ̀ sọ́tọ̀. Àmì ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún. Ó máa ń kú tipiri ni. Bí ọmọ bá di ojú, tí a sì fi òwú díẹ̀ kan ibẹ̀, tí kò sì mọ̀ ọ́n lára, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí a ti ń fúnni ní oògùn ẹ̀tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì ń san. Ṣùgbọ́n ibi tí ń yún tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi ń họ ọ́ títí dé ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó bá ní ẹ̀tẹ̀ ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú òfin Léfítíkù pàápàá, àlùfáà a máa dúró fún ọjọ́ 7 kí ó tún ara wò kí ó tó dájọ́. Àwa a máa dájọ́ ní ọ̀nà odò.

Ní ti ìtọ́jú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti tún rírẹ́ ògiri náà rẹ́. Kí ọmọ wẹ̀ ní kíákíá nínú omi tí ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, kì í ṣe omi gbígbóná. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbàgbọ́ pé orísun gbígbóná Ìkógòsì ń wo àrùn awọ ara sàn. Omi tí ó gbóná a máa mú ìyún rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ òróró ara lọ, ìyún a sì padà ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ má ṣe fi kànrìnkàn gbo ó. Ọṣẹ dúdú tí eérú pọ̀ nínú rẹ̀ ń ta ara yìí jù. Bí ọmọ bá ti jáde nínú omi, kí ara rẹ̀ tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tí kò ní lọ́fínńdà tàbí ohun mìíràn nínú pa á lára dáradára, kí ẹ sì tún ṣe é ní alẹ́. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́, nígbà tí ara yá pẹ̀lú, kì í ṣe ní ọjọ́ tí ó ń yún nìkan. Ẹ gé èékánná rẹ̀. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ó wọ̀ sùn.

Bí èyí kò bá tó, dókítà yóò fún un ní ìpara sítẹ́rọ́ìdì, èyí tí ń pa iná ìyún. Oògùn rere ni, kò sì yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀ bí a bá lò ó bí dókítà ti wí. Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni irú kan náà tí ó le jù, tí a ń tà lórí àtẹ nínú ọjà fún bíbó ara, tí a sì máa ń fi pa ọmọdé lójú. Ó ń sọ awọ di tínínrín bí ewé àlùbọ́sà, ó ń mú làpálàpá gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀, nígbà tí a bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, ara a tún gbiná. Abẹ́rẹ́ tuntun wà pẹ̀lú fún àwọn tí tiwọn le rékọjá, èyí tí a fi ọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga jù fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, a máa ń yára jù. Ẹnìkan ní ẹyin ni, ẹlòmíràn ní ẹja ni, ẹlòmíràn ní ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà, títí a ó fi gba gbogbo ohun tí ń fún ọmọ lágbára kúrò lẹ́nu rẹ̀, tí yóò sì ku ẹ̀kọ nìkan. Àwọn ọmọ kan wà tí oúnjẹ kan ń bá jà, ṣùgbọ́n a máa ń rí i ní kedere: ètè a wú, ara a lé, ọmọ a bì láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́. Níbi tí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹyin rẹ̀.

Àmì méjì ni kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Bí èépá tí ó pọ́n bí oyin bá bo ojú ibẹ̀, tí ọyún ń jáde tí ara sì gbóná, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Bí èélá kéékèèké olómi bá yọ lójijì, tí ó ń dunni ju bí ó ti ń yún lọ, tí ó sì bẹ́ tí ó fi ihò róbótó sílẹ̀, tí ibà sì wà, èyí lè pa ọmọ. Láti Ìjerò, ilé ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì kò jìnnà. Àwọn ará Aramọ̀kọ lè lọ sí Adó, àwọn ará Ẹ̀fọ̀n sì lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Wesley Guild ní Iléṣà. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú gbogbo agolo ìpara tí ẹ ti fi pa á lára dání, àti èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn pẹ̀lú, kí ẹ sì ṣí ìwé yìí síwájú dókítà ní ojú ewé oṣù tí ẹ fa ìlà sí.